Puyol tí kò kúrò ní Barcelona, àti àwa tí à ń bú ẹni tó bá lọ

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ gẹrun. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka ohun tí mò ń kọ lójú ewé yìí á ti mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ìdajì ohun tí mò ń kọ. Onígbàjámọ̀ mi fẹ́ràn Barcelona débi pé àwọ̀ ẹgbẹ́ náà ló fi kun ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, búlúù lápá kan, pupa rúsúrúsú lápá kejì. Òun àti ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ ni wọ́n ń jiyàn lórí ta ni díféńdà tó dáa jù nínú gbogbo àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Barcelona. Onígbàjámọ̀ ní Carles Puyol ni, kò sí àríyànjiyàn.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Puyol tó jókòó sójú kan ṣoṣo títí tó fi fẹ̀yìn tì yẹn? Ẹni tí kò lálàá kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀? Kò ní àfojúsùn jàre."

Onígbàjámọ̀ gbé ẹ̀rọ ìgẹrun kúrò lórí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, owó nìkan lẹ mọ̀. Ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìfẹ́ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ti ju owó sílẹ̀, ẹ ó tẹ̀ lé e bí adìyẹ tó rí àgbàdo."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí ó dá mi lójú pé àwọn méjèèjì ló ṣi ọ̀rọ̀ Puyol mú. Ọmọ yẹn rò pé ẹni tí kò lọ, ó sùn ni. Onígbàjámọ̀ ní tiẹ̀ rò pé ẹni tó bá lọ, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ yẹn lóhùn, kí n tó wá kan ẹni tó ń gẹrun fún mi.

Wọ́n bí Puyol ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, ọdún 1978, ní La Pobla de Segur, ìlú kékeré kan ní agbègbè Lleida ní Catalonia, lẹ́bàá àwọn òkè Pyrenees. Kì í ṣe díféńdà ló kọ́kọ́ ṣe. Aṣọ́lé ni nígbà tó wà lọ́mọdé, kí wọ́n tó ní èjìká rẹ̀ kò ní gbà á, ló bá di ẹni tó ń gbá iwájú. Ọmọ ọdún 17 ló dé La Masia, ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Barcelona, lọ́dún 1995. Àgbà ni wọ́n ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni Xavi nígbà tó wọbẹ̀, Iniesta jẹ́ ọmọ ọdún 12, Messi sì jẹ́ 13. Nígbà tí Puyol fi máa dé, àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn látìgbà tí eyín wọn ṣì ń yọ ti kún ibẹ̀. Òun ò sì mọ bọ́ọ̀lù í pitú bíi tiwọn. Kò mọ̀ ọ́n títí tó fi fẹ̀yìn tì, ká má parọ́. Ohun tó ní ni agbára, ìfọkànsìn, àti irun gígùn tó mú kí wọ́n máa pè é ní Tarzan.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Barcelona fúnra wọn ti gbà láti tà á fún Málaga lọ́dún 1998, pé òun gan-an ló kọ̀, torí ó rí i pé Xavi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọ inú ikọ̀ àgbà, ó sì fẹ́ gbìyànjú tiẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń yìn ín pé kò fi sílẹ̀, àwọn ló kọ́kọ́ fẹ́ fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, ọdún 1999, Louis van Gaal mú un wọ ìdíje líìgì àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Valladolid. Ó ti pé ọmọ ọdún 21.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Luís Figo, ẹni tí àwọn ọmọ Barcelona fẹ́ràn bí ojú, kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Real Madrid. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tí kò mọ ìtàn àárín ìlú méjèèjì. Ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 2000, ni Figo padà dé Camp Nou nínú aṣọ funfun. Bí ó bá ti fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù báyìí, ariwo àti súfèé á bo pápá, wọ́n á máa ju oríṣiríṣi nǹkan lù ú. Ta ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ Figo lọ́jọ́ náà? Puyol, ọmọ ọdún 22, tí kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀ nínú ikọ̀ àgbà. Ibi tí Figo bá yà sí, ibẹ̀ ló yà sí. Bí Figo bá dúró, òun náà á dúró. Barcelona borí pẹ̀lú àmì ayò 2-0, Figo ò rí nǹkan kan ṣe. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ kọ orúkọ Puyol sọ́kàn.

Àmọ́ kì í ṣe ìdíje yẹn ni mo fẹ́ fi dá ọmọ yẹn lóhùn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni. Ó rọrùn láti sọ pé Puyol dúró torí Barcelona ń gba ife. Irọ́ ni! Látìgbà tó ti wọ ikọ̀ àgbà lọ́dún 1999, ó di ọdún 2005 kó tó fọwọ́ kan ife ẹ̀yẹ gidi kan. Sáà márùn-ún gbáko ni wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù tí wọn ò gba nǹkan kan. Kóòṣì ń wá, kóòṣì ń lọ: van Gaal, Serra Ferrer, Rexach, van Gaal lẹ́ẹ̀kan sí i, Antić, kó tó kan Rijkaard. Ní sáà 2002 sí 2003, ipò kẹfà ni wọ́n parí sí. Kẹfà! Barcelona o! Ní gbogbo àsìkò yẹn, Real Madrid ń ra Figo, Zidane, Ronaldo àti Beckham, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, wọ́n sì ń gba ife Yúróòpù. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ìgbà yẹn ló yẹ kó lọ. Kò sẹ́ni tí ì bá dá a lẹ́bi.

Àárín ọ̀dá yẹn ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó kan àwa ọmọ Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wa ló ti bọ́. Lọ́dún 2002, Barcelona lọ bá Lokomotiv ní Moscow nínú ìdíje Champions League. James Obiorah, ọmọ tiwa, wà nínú ikọ̀ Lokomotiv. Ó dé ojú ilé, aṣọ́lé ti kúrò lọ́nà, ó ku kí bọ́ọ̀lù wọlé. Obiorah gbá a. Puyol ti sáré dúró síwájú àwọ̀n. Kò gbẹ́sẹ̀ sókè, kò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kàn na àyà sí i. Ibi tí wọ́n rán àmì ẹgbẹ́ mọ́ lára aṣọ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti bá a. Barcelona ló borí lọ́jọ́ náà. Títí dòní, tí àwọn ọmọ Barcelona bá fẹ́ sọ ìtumọ̀ Puyol fún ọmọ wọn, fídíò yẹn ni wọ́n ń fi hàn án. Èmi náà ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ń retí títí dòní pé kí Obiorah gbá a gba ẹ̀gbẹ́ kejì.

Lọ́dún 2004 tí Luis Enrique fẹ̀yìn tì, Puyol gba okùn balógun. Ohun tó tẹ̀ lé ìyẹn, gbogbo ẹni tó ń lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù nígbà yẹn ló mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi kà yín láàmú. Líìgì mẹ́fà, Champions League mẹ́ta: ní Paris lọ́dún 2006, ní Rome lọ́dún 2009, ní London lọ́dún 2011. Ó gba ife Yúróòpù pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Sípéènì lọ́dún 2008, lọ́dún 2010, ife àgbáyé. Ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín ni wọ́n ti gba ti 2010 yẹn, òun ló sì mú wọn dé àṣekágbá. Ní Durban, ọjọ́ 7, oṣù Keje, Jámánì ti mú wọn mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 73. Xavi gbá kọ́nà. Mo rántí pé ẹni tó jókòó níwájú mi ní ilé ìwòran ti ń sọ pé yóò di ọ̀rọ̀ pẹnáritì. Kò tíì sọ ọ́ tán tí irun kan fi fò sókè láàárín àwọn ọmọ Jámánì gíga gíga yẹn, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù bí ẹni fi òòlù kan ìṣó. Piqué náà ti ń bọ̀ wá fò fún bọ́ọ̀lù yẹn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n forí gbára. Ẹni tí kò ga tó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yí i ká!

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí fún ọmọ tó ní kò ní àfojúsùn. Ǹjẹ́ o mọ iye díféńdà tí Barcelona rà nígbà tí ọkùnrin yìí wà níbẹ̀? Rafael Márquez dé lọ́dún 2003. Thuram dé lọ́dún 2006, ẹni tó ti gba ife àgbáyé fún ilẹ̀ Faransé. Gabriel Milito, 2007. Piqué, 2008. Mascherano, 2010. Kì í ṣe àwọn èèyàn yẹpẹrẹ. Ẹni tí wọ́n bá ń ra èèyàn tuntun wá bá nídìí iṣẹ́ léraléra, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jáde níwájú, ṣé ìyẹn ló jókòó? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ibi tí wọn ò ti ní bá ẹnikẹ́ni dupò ni wọ́n ń wá lọ.

Ìwà rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún 2012, Barcelona na Rayo Vallecano ní ilé wọn, 7-0. Nígbà tí ọ̀kan nínú ayò yẹn wọlé, Thiago àti Dani Alves bẹ̀rẹ̀ sí í jó níwájú àwọn onílé. Puyol rìn lọ bá wọn, ó tú wọn ká bí ìyá tó bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń fi ọmọ aládùúgbò ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìgbà kan, àwọn èrò ju láítà sínú pápá nígbà tí wọ́n ń bá Real Madrid gbá. Piqué mú un, ó fẹ́ lọ fi han rẹfirí. Puyol gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ síta, ó ní kó jẹ́ kí àwọn máa gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 2011 ńkọ́? Wembley. Wọ́n ti na Manchester United 3-1. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni Puyol gbá lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ kò dá tó, ó wọlé nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Balógun ló máa ń kọ́kọ́ gbé ife sókè, gbogbo kámẹ́rà ti dojú kọ ọ́. Ó bọ́ okùn apá rẹ̀, ó fi sí apá Éric Abidal. Oṣù Kẹta ọdún yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Abidal nítorí kókó inú ẹ̀dọ̀. Abidal ló kọ́kọ́ gbé ife náà. Ilé ìwòran tí mo wà lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ Manchester ló kún ibẹ̀, inú ń bí wọn burúkú. Ìgbà tí wọ́n rí ìyẹn, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó ti tó báyìí fún ọmọ yẹn. Ó kan onígbàjámọ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, orí mi ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n Piqué tí ẹ fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, ṣebí ó lọ? Ọmọ La Masia ni. Lọ́dún 2004, ó fi wọ́n sílẹ̀ lọ sí Manchester United. Ọdún 2008 ló padà wá, òun àti Puyol sì di ògiri. Xavi náà lọ sí Qatar lọ́dún 2015, Iniesta lọ sí Japan lọ́dún 2018. Ta ló bú wọn? Messi, tó dé láti ọmọ ọdún 13, tó fẹ́ dúró, oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni ẹgbẹ́ sọ pé àwọn ò lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ torí gbèsè àti òfin owó oṣù. Ó sunkún gbọ̀ngbọ̀n níwájú àwọn akọ̀ròyìn. Ta ló ṣe ọ̀dàlẹ̀ níbẹ̀?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára ni àbúrò mi. Ọmọ ìyá mi ni. Díféńdà ni òun náà, nọ́ńbà 5 bíi ti Puyol, ó tiẹ̀ dá irun sí nígbà kan kí bàbá wa tó fi àdá lé e kiri ilé. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan nínú líìgì ilẹ̀ wa fún ọdún mẹ́rin. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ní ọdún kẹrin, oṣù méje ni wọn ò fi san kọ́bọ̀ fún un. Inú oṣù méje yẹn ló fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́ níbi tó ti ń gba bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́nu ilé fún wọn. Wọ́n ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀ ná, kó mú rìsíìtì wá. Ó mú rìsíìtì lọ. Wọ́n ní alága ò sí nílé. Èmi àti ìyá wa la gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, a ra òróró, a ra àgbo, a sanwó ọ̀kadà lọ sanwó ọ̀kadà bọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ jiná, ẹgbẹ́ mìíràn pè é, wọ́n fi owó oṣù méjì sílẹ̀ fún un lọ́wọ́. Ó lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ tuntun yẹn wá gbá bọ́ọ̀lù nílùú tó ti kúrò, àwọn alátìlẹ́yìn dúró dè é ní gáréèjì. Wọ́n ń pè é ní Júdásì. Ẹnì kan ju pọ́wà wótà lù ú. Onígbọ̀wọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ máa ń wá gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé, "Ṣé o ò rí Puyol ni? Ẹ̀yin ò ní ìfẹ́."

Ọ̀rọ̀ Puyol tí wọ́n fi nà án yẹn ló dùn mí jù. Ẹ jẹ́ ká wo Puyol dáadáa ná. Oṣù Kìíní, ọdún 2013, ó ti pé ọmọ ọdún 34. Orúnkún rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu gan-an, kò pẹ́ púpọ̀ sígbà tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bá Benfica gbá. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn á ti máa wọ̀nà fún bó ṣe máa lọ. Ìgbà yẹn ni Barcelona fún un ní àdéhùn tuntun títí di ọdún 2016. Dókítà wà, owó oṣù ń wọlé, ilé iṣẹ́ abẹ kò béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Torí náà, nígbà tí ó di oṣù Kẹta ọdún 2014, tí ó jáde sọ pé òun máa lọ níparí sáà, tí àdéhùn sì ṣì ku ọdún méjì, ohun tó sọ ni pé ara òun kò lè dé ibi tí iṣẹ́ náà ń béèrè mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà yẹn ló gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn rẹ̀, pẹ̀lú Almería, ó sì gbá ayò wọlé. 593 ìdíje, ẹgbẹ́ kan. Kò lọ gba owó kan síbòmíràn lẹ́yìn náà. Wọ́n ṣe dáadáa sí i, òun náà ṣe dáadáa sí wọn. Tọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹgbẹ́ tí kò nawọ́ sí pẹpẹ fún ọmọ, kí ló ń wá nínú kèrègbè?

Lọ́dún 2018, àwọn Athletic Club ti Bilbao fún Puyol ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó lo gbogbo ayé bọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Le Tissier ti Southampton ni wọ́n kọ́kọ́ fún lọ́dún 2015, lẹ́yìn rẹ̀ Maldini ti Milan, lẹ́yìn rẹ̀ Sepp Maier ti Bayern. Àmì ẹ̀yẹ tó dáa ni. Ó wù mí kí ẹnì kan dá irú ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí kò jẹ gbèsè agbábọ́ọ̀lù kankan, ká máa fún alága wọn lọ́dọọdún. Mo mọ̀ pé ọdún mìíràn á wà tí a ò ní rí ẹni tó máa gbà á.

Àbúrò mi ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kọ̀rọ̀pẹ̀ ló ń wà báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó máa ń lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá ní pápá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa. Aṣọ Barcelona, nọ́ńbà 5, ló ń wọ̀. Nígbà tí mo kọ ọ̀rọ̀ yìí tán, mo pè é, mo kà á fún un lórí fóònù títí dé ìsàlẹ̀, mo sì bi í bóyá kí n yọ ibi tí mo ti mẹ́nu bà á kúrò.

Ó ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má yọ ọ́. Ẹ kàn fi kún un pé oṣù méje yẹn, wọn ò tíì san án o."